Iṣẹ́ HCA ní Ìlú Ọba: bí ẹ ó ṣe wọlé, bí ẹ ó ṣe ṣe é, bí ẹ ó ṣe gòkè níbẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe lè ríṣẹ́ HCA?" Mi ò ní tíì dáhùn tán tí ìbéèrè kejì á fi tẹ̀ lé e: "Ṣé kì í ṣe pé ìdí nínù ni màá máa bá kiri títí ayé?" Mo ti sọ ọ́ lórí fóònù títí ọ̀fun fi gbẹ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn rèé.

HCA (healthcare assistant, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) la máa ń pè é lẹ́nu. Nínú ìpolówó iṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ "healthcare support worker", "healthcare assistant", "nursing assistant" tàbí "clinical support worker". Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ kan náà ni. Abẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́: ẹ ó wẹ aláìsàn, ẹ ó fún un lóúnjẹ, ẹ ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ẹ ó mú un dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ó sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ fojú sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Dókítà á yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nọ́ọ̀sì á fún aláìsàn lóògùn, á kọjá sí ibùsùn tó kàn. Ẹ̀yin lẹ máa rí awọ ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn HCA tí mo mọ̀ tí wọ́n gòkè, àwọn tó ń rí nǹkan tí wọ́n sì ń kọ ọ́ ni.

England ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn lórí àwọn nǹkan kan.

## Ẹ kọ́kọ́ wo físà yín

Ibí yìí ni owó ènìyàn ti ń ṣòfò jù, ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Ẹ lọ sórí gov.uk, ẹ gba share code. Kóòdù yẹn ni agbanisíṣẹ́ fi ń wo irú físà tí ẹ ní àti ohun tó gbà yín láàyè láti ṣe. Ẹ má ṣe máa gbé BRP, káàdì ìgbélùú àtijọ́, kiri, wọn ò ní gbà á.
2. Bí físà akẹ́kọ̀ọ́ lẹ ní, tí ẹ sì ń kàwé dígírì, wákàtí 20 péré lẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń kà sí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò lè ṣe 24 lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ wá ṣe 16 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ ní ó dọ́gba. Ẹ tún ṣọ́ra fún ṣíìfù gígùn: wákàtí mọ́kànlá àtààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń sanwó rẹ̀, nítorí náà méjì péré ti di 23. Ṣíìfù gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú kan lẹ máa gbà.
3. Bí ẹ bá wà lórí físà ọkọ tàbí ìyàwó ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tàbí físà Graduate (ti ẹni tó kàwé yunifásítì parí níbí), ẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣe onígbọ̀wọ́ yín.
4. Bí ẹ bá wà nílé tí ẹ ń retí kí ilé ìtọ́jú arúgbó kan gbé físà fún yín wá sí Ìlú Ọba: láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ti dá gbígba òṣìṣẹ́ kíà tuntun láti òkè òkun dúró.

Ìkìlọ̀: Ẹni tó bá ń ta CoS (ìwé onígbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ ń fúnni fún físà) fún yín, olè ni. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin ti kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ gba owó CoS lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wá lórí físà Skilled Worker. Ìbáà jẹ́ ará ìjọ yín ló mú un wá.

## Fọ́ọ̀mù: ibi tí wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ sílẹ̀

Orí NHS Jobs àti Trac ni ẹ ó ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ NHS. Ẹ ṣí àkáǹtì sí méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Bí fọ́ọ̀mù bá ti pọ̀ jù, wọ́n lè ti ìpolówó náà kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì ni kí ẹ fi tiyín ránṣẹ́.

1. Ẹ wá ìwé tí wọ́n pè ní person specification nínú ìpolówó náà. Òun ni wọ́n fi ń fún yín ní máàkì.
2. Ẹ da gbogbo ohun tó wà lábẹ́ "essential" kọ sórí bébà.
3. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan kan tí ẹ ti ṣe rí tó fi í hàn.
4. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹni tó ń kà á má baà wá a kiri.
5. Ẹ fún ẹlòmíràn kà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni mo fẹ́ dúró lé. Arábìnrin kan fi tiẹ̀ hàn mí. Ohun tó kọ ni: "Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, mo nífẹ̀ẹ́ ènìyàn, mo sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́." Wọ́n ti já a sílẹ̀ nígbà mẹ́fà. Mo ní, "Ta lo ti tọ́jú rí?" Ó ní ìyá ìyá òun, tí rọpárọsẹ̀ mú. A jókòó, a kọ ọ́ báyìí: "Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú ìyá mi àgbà tí kò lè yíra padà. Mo máa ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ kan án, ó gbóná ju ìyókù lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè kúrò lórí ibùsùn, mo pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Awọ rẹ̀ kò bó." Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ tiyín o, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n pè é lórí fọ́ọ̀mù tó fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí:

- dída ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹni kọ, tàbí ti ẹ̀rọ AI. Ẹni tó ń fún yín ní máàkì ti ka irú rẹ̀ lógún láàárọ̀ yẹn;
- fífi àlàfo sílẹ̀ nínú ìtàn iṣẹ́. Bí ẹ bá jókòó sílé tọ́mọ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀;
- sísọ pé ẹ ò ní ìrírí, nígbà tí ẹ ti tọ́jú òbí fún ọdún mẹ́ta.

Bí NHS kò bá tíì ṣí, ẹ gba ilé ìtọ́jú arúgbó lọ fún oṣù mẹ́fà, tàbí kí ẹ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń pín tíì tí wọ́n sì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Báńkì ọsibítù náà wà: ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè nígbà tí ṣíìfù bá ṣí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn báńkì fún ẹni tó ń kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ìdánilójú pé ṣíìfù á wà.

## Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìwà ni wọ́n ń wá. Wọ́n á bi yín pé: bí aláìsàn bá ní òun ò wẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ yín tó ń jágbe mọ́ arúgbó? Bí aago ìpè méjì bá dún lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìdáhùn àwa Yorùbá sí ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ "màá pàrọwà fún un títí á fi gbà." Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ẹ sọ pé ẹ ó bèèrè ìdí rẹ̀, ẹ ó fún un láyè, ẹ ó padà wá, ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sí ti ìkejì: ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé aláìsàn wà láìléwu, lẹ́yìn náà ẹ ó fi tó ẹni tó ń darí wọ́ọ̀dù létí, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló jágbe.

## Bí wọ́n bá ti gbà yín

Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó parí, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ tí ẹ ní sílẹ̀ títí wọ́n á fi fún yín ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lórí ìwé. Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ:

- share code àti ìwé ìrìnnà;
- ẹ̀rí àdírẹ́sì méjì tí kò tíì pẹ́;
- orúkọ àwọn tó máa jẹ́rìí yín, tó kárí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó kéré tán. Ímeèlì ibi iṣẹ́ wọn ni kí ẹ fi sílẹ̀, Gmail máa ń fa ìdádúró;
- fọ́ọ̀mù DBS (àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn) onípele gíga tí wọ́n ń pè ní Enhanced. Bí ìwé ẹ̀rí náà bá dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Update Service láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kò ní jẹ́ kí ẹ máa ṣe tuntun níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan;
- ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní ìlú tí ẹ ti wá, bí wọ́n bá bèèrè;
- ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á wo ti hepatitis B, èéyi (measles), ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ ò bá ní, wọ́n á fún yín.

## Care Certificate: ẹ má fi í ṣeré

Ní ọdún 2015 ni wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí yìí jáde, apá 15 ló sì ní. Ní ọdún 2025 wọ́n fi ìkẹrìndínlógún kún un, lórí àwọn tó ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ àti autism. Díẹ̀ nínú rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni; ìyókù, ẹnìkan ní láti dúró tì yín kó wo bí ẹ ṣe ń ṣe é kó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tuntun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Mo parí tèmi, mo fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ máníjà. Máníjà náà kúrò níṣẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ síbòmíràn, kò sẹ́ni tó rí ìwé náà mọ́, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí fún mi, mo máa ń yà á ní fọ́tò kí inkì tó gbẹ. (Ìwé ẹ̀kọ́ mi ni mò ń wí o. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ya ohunkóhun tó ní orúkọ aláìsàn lára láé.)

Ẹ ṣí fódà kan. Gbogbo ẹ̀kọ́, gbogbo ìbuwọ́lùwé, gbogbo lẹ́tà ọpẹ́ tí ìdílé aláìsàn kọ: inú rẹ̀ ni kí ó máa lọ. Ẹ ó rí ìlò rẹ̀ bó bá yá.

## Ṣíìfù kan, láti àárọ̀

Ẹ dé kí hándóófà tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ṣíìfù tó ń lọ ń ròyìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún ṣíìfù tó ń wọlé. Bí wọ́n ṣe ń kà á, ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: báwo ló ṣe ń rìn, kí ló lè jẹ tàbí mu, ṣé ó lè ṣubú, ṣé ó ní àkóràn. Bébà yẹn kò gbọ́dọ̀ bá yín délé. Inú àpótí ìwé àṣírí ló ń parí sí. Mo ti rí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ nítorí bébà hándóófà tó já bọ́ nínú bọ́ọ̀sì.

### Wíwẹ aláìsàn lórí ibùsùn

1. Ẹ kí i, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ bèèrè bóyá ó gbà. Ẹ fa kọ́tìnì dé òpin.
2. Ẹ kó gbogbo nǹkan jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: omi gbígbóná tí ara gbà, aṣọ ìnura, aṣọ tuntun, páàdì. Kò sí ohun tó burú tó kí ẹ fi arúgbó sílẹ̀ níhòòhò torí pé ẹ gbàgbé tówẹ́lì.
3. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ épírọ́ọ̀nù. Ìbọ̀wọ́ di dandan níbi tí ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà.
4. Ẹ gbé ibùsùn sókè dé ìbàdí yín.
5. Ojú la ń kọ́kọ́ wẹ̀, láìsí ọṣẹ. Ẹ fún un ní aṣọ náà bí ó bá lè ṣe é fúnra rẹ̀.
6. Ibi tí ẹ ń wẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí. Ẹ bo ìyókù.
7. Ẹ pààrọ̀ omi kí ẹ tó dé ojú ara. Fún obìnrin, iwájú lọ sẹ́yìn ni ẹ ó máa nù ún.
8. Ẹ nu abẹ́ ọmú, abẹ́ ikùn àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ dáadáa.
9. Eyín àtọwọ́dá, jígí ojú àti ẹ̀rọ etí: ẹ fọ eyín àti jígí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀rọ etí, ẹ fi wọ́n sí i.
10. Ẹ sọ ibùsùn kalẹ̀, ẹ fi aago ìpè àti omi sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó.

Ìgbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ gan-an ni ẹ ó wo awọ rẹ̀. Ìpàkọ́, ìgúnpá, òkè ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀: àwọn ibi tí egungun ti ń tẹ ibùsùn nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọgbẹ́ ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé á sọ fún yín pé kí ẹ wá ibi tó pọ́n. Lára ènìyàn funfun, òótọ́ ni. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ lè má rí pípọ́n kankan. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣé ó le, ṣé ó rọ̀ jù, ṣé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀? Ẹ bi í bóyá ó ń dùn ún. Àwa gan-an ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kí ẹ tó gbé tíì fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sókè orí ibùsùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó máa mu omi kíki, tíì lásán lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bí aláìsàn bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́. Jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí kì í pa C. difficile, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

### Obs: má kọ 16

Obs ni wíwọn àwọn àmì ara aláìsàn. Ohun mẹ́fà là ń wọn fún ìwé NEWS2, tó ń fi hàn bí àìsàn bá ń le sí i: mímí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ọkàn aláìsàn ṣe jí pépé sí, àti bí ara ṣe gbóná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tiẹ̀. Bí aláìsàn bá wà lórí ọ́síjìn, méjì á kún un.

Ẹ̀rọ ló ń ka ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mímí nìkan ni ojú yín máa kà, òun ni wọ́n sì ń purọ́ rẹ̀ jù. Ẹ wo ṣáàtì wọ́ọ̀dù yòówù: 16, 16, 16, 16. Mo ti kọ ọ́ rí. Ìyá kan, mo kọ 16 sí i láìkà. Sísítà, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń darí wọ́ọ̀dù, dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Jẹ́ ká jọ kà á." Ó fọwọ́ mú ọrùn ọwọ́ ìyá náà bí ẹni tó ṣì ń ka ìlù ọkàn, kí ìyá má baà mọ̀ pé àyà òun là ń wò, a sì kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Láti 25 lọ sókè, máàkì mẹ́ta nìyẹn lójú ẹsẹ̀. Àkóràn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ bàtà.

Nítorí náà:

- Ẹ ka mímí fún ìṣẹ́jú kan pípé, láìsọ fún aláìsàn pé ẹ ń kà á. 12 sí 20 ni kì í gba máàkì.
- Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ọ́síjìn sí ìka. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ yẹn lè fi iye tó ga ju òtítọ́ lọ hàn lára awọ dúdú.
- Bí ẹni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lánàá kò bá mọ ibi tó wà lónìí, máàkì mẹ́ta nìyẹn. Ẹ má ní "arúgbó ni."
- Máàkì mẹ́ta níbì kan ṣoṣo, tàbí àpapọ̀ márùn-ún: ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, lẹ́nu. Méje sókè jẹ́ pàjáwìrì.
- Ẹ kọ orúkọ nọ́ọ̀sì tí ẹ sọ fún àti àkókò rẹ̀.

Bí ẹ bá bá aláìsàn tí kò jí tí kò sì mí dáadáa, ẹ fa aago pàjáwìrì. 2222 ni nọ́ńbà ìpè rẹ̀ nínú ọsibítù NHS.

## Ẹ̀yìn yín

HCA tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti bàjẹ́, iṣẹ́ ti parí fún un. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá aláìsàn kí ẹ fi gbé e sókè; ó lè yẹ èjìká rẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ yín lẹ́yìn. Aṣọ yíyọ̀ ni kí ẹ fi sún un lórí ibùsùn. Hoist, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn, ènìyàn méjì ló sábà máa ń dúró tì í. Kí ẹ tó lò ó, ẹ wo sítíkà àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ wo bóyá síliǹgì, aṣọ tí aláìsàn ń jókòó sí nínú rẹ̀, bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá ní "jẹ́ ká yára gbé e", ẹ ní ẹ ò lè ṣe é. Aláìsàn tó ń ṣubú lọ, ẹ má gbé e mọ́ra. Ẹ sún nǹkan kúrò níbi tó máa ṣubú sí, ẹ pe ìrànlọ́wọ́.

## Àṣìṣe tó jẹ́ tiwa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi lórí èyí.

Orúkọ. Ó ń ni wá lára láti pe ẹni ọdún 85 ní "Jean". A fẹ́ pè é ní "Mama". Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn mìíràn kà á sí àrífín, pàápàá ẹni tí kò bímọ rí. Ẹ bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ló fẹ́ kí ẹ máa pe òun, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i.

Èdè. Ẹ̀yin méjì ń yí aláìsàn padà, ẹ wá ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ owó ilé lókè orí rẹ̀. Lójú tiẹ̀, òun lẹ ń bú.

Àdúrà. Ẹ má gbàdúrà fún aláìsàn tí kò bèèrè, ẹ má sì pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́. Bí ó bá fẹ́, ọsibítù ní àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn tí ẹ lè ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀bùn. Owó, rárá. Ṣokoléètì fún gbogbo wọ́ọ̀dù kò sábà ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ fi tó sísítà létí.

Gbígbà tán. "Ẹ má ṣèyọnu, màá ṣe é." Sísítà ní kí ẹ ṣe nǹkan tí wọn ò kọ́ yín, ẹ sì gbà torí pé a kì í kọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Níhìn-ín, kíkọ̀ ni ọ̀wọ̀: "Wọn ò tíì fọwọ́ sí i pé mo lè ṣe èyí. Ṣé ẹ lè fi hàn mí?" Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé, tiyín le jù. Ọwọ́ yín mọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n HCA ni wọ́n gbà yín sí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóògùn nítorí pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

## Owó

Band ni ipele owó oṣù NHS. Ní ọdún 2025/26, Band 2 ní England gba £24,465 lọ́dún. Band 3 bẹ̀rẹ̀ láti £24,937, ó parí sí £26,598. Àfikún ló ń gbé e ga. Fún Band 2, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti òru láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ owó wákàtí pẹ̀lú ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba jẹ́ 83. Fún Band 3, ó jẹ́ 35 àti 69. Ẹ ka péésílíìpù yín lóṣooṣù, wọ́n máa ń gbàgbé.

Ìyàtọ̀ Band 2 sí Band 3 wà nínú ohun tí ẹ ń ṣe. Wíwẹ̀, jíjẹ, ìgbọ̀nsẹ̀: Band 2. Bí ẹ bá ti ń ṣe obs, ń gba ẹ̀jẹ̀, ń wọn ṣúgà, ń ṣe ECG (yíya àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù) déédéé, iṣẹ́ Band 3 nìyẹn. Bí wọ́n bá ń san Band 2 fún yín lórí rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan láìkọ orúkọ aláìsàn, kí ẹ gbé e lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín.

Àti òru léraléra nítorí àfikún: òfin ní kí wákàtí mọ́kànlá wà láàárín ṣíìfù kan sí èkejì. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsùn, aláìsàn ló ń san gbèsè rẹ̀.

## Gígòkè

Ẹ lo ọdún àkọ́kọ́ láti gba ìbuwọ́lùwé lórí gbígba ẹ̀jẹ̀, ECG àti ṣúgà. Nígbà ìjíròrò ọdọọdún pẹ̀lú máníjà, ẹ má ní "mo fẹ́ tẹ̀síwájú." Ẹ dárúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ àti oṣù tí ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ rí i pé ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọ̀nà pín:

1. Nursing associate, ipele tó wà láàárín HCA àti nọ́ọ̀sì. Band 4 ni, England ni wọ́n ti ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC (àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀), láti oṣù Kìíní ọdún 2019. Ọdún méjì ni, ẹ ó máa gba owó oṣù yín bí ẹ bá gba ọ̀nà apprenticeship (kíkẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́). Wọ́n á bèèrè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ẹ bi yunifásítì bóyá WAEC yín tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣe Functional Skills Level 2, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ti ibí. Ẹ kọ́kọ́ wo físà: owó ìjọba fún apprenticeship sábà máa ń béèrè pé kí ẹ ti gbé níbí fún ọdún mẹ́ta, kò sì bá físà akẹ́kọ̀ọ́ mu.
2. Nọ́ọ̀sì pátápátá, láti ibẹ̀ tàbí tààrà sí dígírì.
3. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ kàwé nílé. Láti oṣù Kejì ọdún 2023, NMC lè gba ẹ̀rí agbanisíṣẹ́ lórí Gẹ̀ẹ́sì yín, bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú níhìn-ín fún ọdún kan ó kéré tán, tí ẹ sì kàwé nọ́ọ̀sì ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí ẹ fi díẹ̀ kùnà ìdánwò. Máníjà tó wà nínú ìwé NMC ló máa kọ ọ́, nítorí náà ẹ sọ fún un ní kíákíá pé nọ́ọ̀sì ni yín. Mo mọ ẹni tó fi í pamọ́ fún ọdún méjì nítorí ìtìjú.
4. Yíyà sí ẹ̀gbẹ́. Gbígba ẹ̀jẹ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ, ìrànlọ́wọ́ físíò. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì kò kùnà.

Bí ẹ bá rí ohun tó burú níbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń darí wọ́ọ̀dù, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀. Bí wọn ò bá gbọ́, gbogbo trust NHS (àjọ tó ń darí ọsibítù) ló ní Freedom to Speak Up Guardian, ẹni tí òṣìṣẹ́ lè fi ohun tó ń kọ ọ́ lóminú tó létí. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tí ojú yín rí. Ẹ má kọ ohun tí ẹlòmíràn sọ pé òun rí.

Bí wọ́n bá sì já yín sílẹ̀ fún Band 3, ẹ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ẹ bèèrè iye máàkì tí ẹ gbà lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sábà máa ń sọ. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi sínú fódà, ẹ tún kọ fọ́ọ̀mù fún èyí tó bá kàn.